Ẹ Bá Mi Kí Jẹ́-Ó-Lọ-Bẹ́ẹ̀

Jẹ́-Ó-Lọ-Bẹ́ẹ̀ o! Kábíyèsí, aláṣẹ èkejì Ìkánjú! Mo wẹwù, mo dé fìlà, mo kúnlẹ̀ kí n tó lanu, nítorí a kì í dúró ki ọba tó tó báyìí.

Ọkọ Ìkánjú.
Bàbá Àbámọ̀.
Ẹ̀gbọ́n Ó-Máa-Tó, àbúrò Kò-Lè-Ṣe-Wá.
Ọmọ a-rí-kòtò-kó-tó-bẹ́-sí-i.
Ọmọ a-gbọ́-ìkìlọ̀-rẹ́rìn-ín.
Ọmọ a-ka-ìwé-ìlànà-tán-fi-di-àkàrà.
Ọ̀mọ̀ràn tó mọ oyún ìgbín nínú ìkarahun, táyà tó wà níwájú rẹ̀ ni kò rí!

Àwọn ọba yòókù, ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jẹ. Aláàfin kò jẹ ní Ìjẹ̀bú, Awùjalẹ̀ kò jẹ ní Ọ̀yọ́. Ìwọ nìkan ni kò sí ìlú tí kò ní ààfin rẹ. Àmọ́ bí mo bá fẹ́ ki ọ́ kó dénú, ọ̀nà Jẹ́dà ni n ó gbà, n ó sì dé Mẹ́kà, nítorí ibẹ̀ ni mílíọ̀nù ènìyàn ti ń péjọ lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ náà sì ni adé rẹ ti ń kọ mànà jù. Onírárà ni mí. Mo ti ki olówó, mo ti ki olóṣèlú tó kọ́ afárá sórí ilẹ̀ gbígbẹ (n kò ní dárúkọ ìlú). Wọ́n gbìyànjú, ṣùgbọ́n wọn ò tó ọ.

Ìdílé ńlá lo ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 570, nígbà tí Ábúráhà tó ń jọba ní Yẹ́mẹ̀n kó ogun lọ sí Mẹ́kà pé òun fẹ́ wó Káábà, ta ni olùdámọ̀ràn rẹ̀? Ìwọ ni. O ní kó mú erin dání. Erin, nínú aṣálẹ̀, níbi tí ràkúnmí gan-an ti ń ṣọ́ omi mu! Àwọn onítàn Mùsùlùmí ní nígbà tí wọ́n kọjú erin àgbà náà, Mahmud lorúkọ rẹ̀, sí Mẹ́kà, ńṣe ló kúnlẹ̀, ó kọ̀, kò lọ. Wọ́n yí i padà sí ọ̀nà Yẹ́mẹ̀n, eré ló bẹ́ sí. Ọ̀gágun tí kò ní ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbá dúró bi ara rẹ̀ pé kí ni erin yìí rí. O ò jẹ́ kó bi ara rẹ̀. O ní kí wọ́n fi irin lù ú lórí kó lè dìde. Ìyókù, ọmọ iléèwé kéwú tó ti ka Súrà Erin lè sọ ọ́: ẹyẹ ló tú ogun náà ká.

A-kó-erin-lọ-bá-ẹyẹ-jà!
A-bá-ẹranko-jiyàn-títí-dójú-ogun!
Ẹranko gbọ́n, o nà án. Ẹyẹ dé, o wòkè.

Ọdún gorí ọdún, o ò gbàgbé Mẹ́kà. Ní ogúnjọ́ oṣù Kọkànlá ọdún 1979, ní ìdájí, nídìí ìrun àsùbáà, Juhayman al-Otaybi, olórí ọlọ̀tẹ̀ kan, àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ yọ ìbọn nínú Mọ́sálásí Ńlá. Wọ́n ní inú pósí ni wọ́n gbé òmíràn gbà wọlé. Juhayman kéde pé àna òun, Muhammad al-Qahtani, ni Màhúdì tí ayé ń retí, ikú kò sì lè tètè pa á. Àwa náà ní ayẹta nílé, a ní òkígbẹ́, ọ̀rọ̀ náà ò ṣàjèjì sí wa. Ìtàn tó tàn kálẹ̀ ni pé bí sójà bá ju bọ́ǹbù àfọwọ́jù wọlé, al-Qahtani á sá bá a, á he é, á sọ ọ́ padà sí wọn. Ó he èyí, ó sọ ọ́. Ó he tọ̀hún, ó sọ ọ́. Ọ̀kan ni kò ní sùúrù.

O kì í sì ṣojúsàájú. Bí o ti jókòó ti àwọn tó wà nínú, bẹ́ẹ̀ lo dúró ti àwọn tó wà níta. Àwọn sójà tí ìjọba Saudi kọ́kọ́ rán lọ, gbangba ojúde ni wọ́n gbà wọlé, nígbà tí àwọn tó mọ ìbọn-ọ́n yìn ti gun orí ilé gogoro tí wọ́n ti ń pèrun, tí wọ́n ti fìdí kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi wọ̀yá ìjà, títí di ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá. Nígbà tí ìjọba ṣírò, ó ka sójà 127, ó ka ọlọ̀tẹ̀ 117. Ìwọ lo pín in, ìwọ lo fẹ́rẹ̀ẹ́ pín in dọ́gba. A-bá-ti-inú-jẹ-bá-tìta-mu! Baba ọ̀tá méjèèjì!

Ṣùgbọ́n ogun kọ́ ni mo fẹ́ fi ki ọ́ pẹ́. Ogun a máa pariwo, ẹnikẹ́ni lè ṣìnà nínú ariwo. Ibi tí ọlá rẹ ti jinlẹ̀ ni ibi tí ìlú ti tòrò, tí ojú mọ́ rekete, tí ẹni tó mọṣẹ́ ti sọ̀rọ̀ tán, tí kò kù ju ká gbọ́ tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ lo ti máa ń wọlé.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje ọdún 1991, ní pápákọ̀ òfurufú Ọba Abdulaziz ní Jẹ́dà. Ẹ̀yin onílù, ẹ bá mi fa awọ dùndún le. Bàálù DC-8 ni, ti ilé iṣẹ́ Nationair ní Kánádà, tí Nigeria Airways háyà láti kó àwọn alálàájì wa padà sí Sókótó. Èrò 247, òṣìṣẹ́ 14. Iṣẹ́ Hájì ti parí, ilé ló kù. Mẹkáníìkì yẹ bàálù wò, ó wo táyà kejì, ó wo táyà kẹrin, ó rí i pé afẹ́fẹ́ inú wọn kò tó èyí tí bàálù fi ń gbéra. Ẹ fetí sí i, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́: ó rí i. Ó wá gáàsì nítírójìn tí wọ́n ń fún sínú táyà bàálù, kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó. Bí wọ́n bá ní àwọn máa wá a kàn, bàálù máa pẹ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pè ọ́. O wọlé, agbádá ń gbálẹ̀. O ò wo táyà, aago lo wò.

O ní, jẹ́ ó lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ náà ò kúkú fẹ́ ìdádúró, ó gbà fún ọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn bàálù.

A-wo-aago-má-wo-táyà!
Ọ̀gá fọ́kánáísà tí kì í lo afẹ́fẹ́!
Aṣírò tó ka ìṣẹ́jú, tí kò ka orí!
Ọmọ kékeré tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́kánáísà lábẹ́ igi ní Mókọ́lá á ní, “Ẹ̀gbọ́n, táyà yìí ò lè délé o.” Ìwọ rán an dé Sókótó.

Ẹ jẹ́ kí n tú iṣẹ́ ọwọ́ ọba yìí palẹ̀ ní ìpele-ìpele, nítorí ènìyàn lásán lè rò pé táyà kan ṣáà bẹ́ ni. Rárá o. Táyà kejì tó rọ̀ gbé ẹrù tirẹ̀ lé táyà kìíní lórí, torí pé ọ̀pá kan náà ló so wọ́n pọ̀. Táyà kìíní gbé ti ara rẹ̀, ó gbé ti ẹnìkejì. Láti ibi tí bàálù ti gbéra nílẹ̀ tó fi rọra rìn dé ibi tí yóò ti sáré, ó ń gbóná lọ. Bí eré ti bẹ̀rẹ̀, kìíní bẹ́. Kò pẹ́, ìkejì bẹ́ tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ táyà kejì kò yí mọ́, ó ń wọ́ nílẹ̀, ó ń ha ojú ọ̀nà, iná sì sọ. Àwọn awakọ̀ gbọ́ ìró kan tí kò yé wọn, wọ́n tiẹ̀ bi ara wọn bóyá táyà ló jò. Bàálù ṣì wà nílẹ̀ nígbà yẹn, Kábíyèsí! Ọ̀nà ṣì wà níwájú wọn, wọ́n lè dúró. Níbi tí wọ́n jókòó sí, wọn ò lè rí iná, kò sì sí agogo kankan tó dún láti sọ fún wọn pé ibi tí ẹsẹ̀ bàálù wà ti ń jó. Ọ̀rọ̀ rẹ nìkan ló kù létí gbogbo ènìyàn. Wọ́n gbéra.

Wọ́n ká ẹsẹ̀ bàálù wọlé, wọ́n ká iná wọlé pẹ̀lú rẹ̀.

Ó wọ inú ikùn bàálù lọ, ó dé ìdí wáyà, ó dé ìdí ọ̀pá ọ́ìlì, ó ń wá epo lọ. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀gá awakọ̀ ti ní kí òun padà sí Jẹ́dà, orúkọ Nationair ló fi pe ara rẹ̀ dípò orúkọ Nigerian tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí; àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ sì rò pé bàálù Saudia kan tó ń ráhùn nípa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn náà lọ́wọ́ ọ nínú. O kì í jẹ́ kí àṣìṣe kan dá rìn, o máa ń fún un ní ẹnìkejì kó má bàa ṣe é ní àárò. Bàálù já nígbà tó ku mítà 2,875 kó dé ojú ọ̀nà tó ń padà bọ̀ wá bà sí. Ẹni 261 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni 261 ló kú.

Gáàsì táyà méjì! Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin olówó Èkó, ẹ̀yin tí ẹ ń náwó ìnáwó òkú títí ajé fi ń sá, ta ni nínú yín ló ti fi owó tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ra òkìkí tó pọ̀ tó báyìí? Títí di òní, kò tíì sí jàǹbá DC-8 kankan tó pa tó iye yẹn. Nationair fúnra rẹ̀ kógbá wọlé ní 1993. Ìwọ nìkan ni ilé iṣẹ́ rẹ ò tíì tì.

Kánò náà mọ̀ ọ́, mi ò gbàgbé. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 1973, bàálù Boeing 707 ń gbé àwọn alálàájì bọ̀ láti Jẹ́dà sí Èkó, ojú ọjọ́ ò dára, wọ́n yà bà sí Kánò. Kòtò kan wà lójú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé. Ẹsẹ̀ bàálù kọ́ ọ. 176 ni wọ́n kà lókùú. Onílẹ̀-kòtò! A-dúró-de-àlejò-sójú-ọ̀nà!

Ti Ríyáàdì sì ni mo máa ń fi ki ọ́ nígbà tí mo bá fẹ́ kí àwọn akéwì ẹlẹgbẹ́ mi sunkún owú. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ ọdún 1980, bàálù Saudia tó ń lọ sí Jẹ́dà gbéra ní Ríyáàdì, èéfín yọ nínú rẹ̀, ó padà, ó bà. Ó bà láyọ̀! Táyà wà ní pípé, apá wà ní pípé, àwọn panápaná ti ń dúró. Ọba mìíràn ìbá ní kí wọ́n dúró lójú kan, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kí oníkálùkù máa bẹ́ sílẹ̀. O ní kí wọ́n kọ́kọ́ wà á kúrò lójú ọ̀nà ná, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń gbé ìyàwó wọlé. Ó lé ní ìṣẹ́jú méjì kó tó dúró, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó dúró, ilẹ̀kùn ò ṣí títí ó fi lé ní ogún ìṣẹ́jú. Èrò àti òṣìṣẹ́ 301, kò ku ẹyọ kan. Bàálù balẹ̀ láyọ̀, o sì tún rí wọn pa. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Nínú àwókù, wọ́n rí sítóòfù oní-gáàsì méjì. Wọn ò rí ẹ̀rí pé àwọn ló dáná náà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi: ẹnì kan gbé sítóòfù wọ bàálù, kò sì sí ẹni tó bi í pé kí ló fẹ́ sè lókè.

Sítóòfù! Ọlọ́lá oní-gáàsì, a-dáná-láàárín-aṣọ! Ní Mínà lẹ́bàá Mẹ́kà lo ti fi ìyẹn gba oyè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1975, gáàsì bú nínú àgọ́, iná gbé nǹkan bí igba ènìyàn lọ. Gbogbo ayé sọ pé ó dùn wá. O ní ó dáa, ẹ jẹ́ ó lọ bẹ́ẹ̀. Àgọ́ aṣọ tún padà dúró, gáàsì tún padà wọlé, ọbẹ̀ tún ń hó. Ta ni yóò jẹ oúnjẹ tútù lẹ́yìn tó ti rìn láti òwúrọ̀? Ó lé ní ọdún mọ́kànlélógún tí o fi ṣe sùúrù. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹrin ọdún 1997, o dé padà, atẹ́gùn wà lẹ́yìn rẹ: àgọ́ tó tó 70,000 jó, ènìyàn 343 kú, ó lé ní 1,500 tó farapa. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá fi gíláàsì híhun tí iná kì í ràn kọ́ àgọ́, tí wọ́n sì fòfin de gáàsì. Àwọn ènìyàn kọ́gbọ́n. Ìwọ ò kọ́ ọ. Kí lọba fẹ́ fi ọgbọ́n ṣe?

Mo tún gbọ́dọ̀ yìn ọ́ fún sùúrù. Àwọn ọ̀tá rẹ ní oníkánjú ni ọ́ nítorí ìyàwó rẹ. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Nígbà tí wọ́n ń mú Mọ́sálásí Ńlá gbòòrò sí i, tí kíréènì yí Káábà ká, ìwé tí àwọn tó ṣe kíréènì kọ sọ pé bí wọn ò bá lò ó, kí wọ́n rẹ apá rẹ̀ sílẹ̀. O wo apá náà bó ṣe ga, o ní ó yẹ ẹ́ lókè. Kò kánjú, ìwọ náà ò kánjú. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ìjì dé pẹ̀lú òjò, kíréènì wó lu àwọn olùjọsìn. 111 kú.

Nígbà tí ẹ̀rù bá ti ba àwọn yòókù, tí gbogbo wọn ń sọ pé ọdún yìí le, ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ ń yá. Ọjọ́ kẹtàlá lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, ní Mínà, níbi tí òpópónà 204 ti pàdé 223, ọ̀gbàrá ènìyàn méjì kọlu ara wọn. Kò sí ibi tí wọ́n lè yà sí. Ìjọba Saudi ka 769, ó sì dúró síbẹ̀, kò kà mọ́. Associated Press tó kó iye tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kéde jọ rí i pé ó lé ní 2,400. A-kà-á-kú-díẹ̀! A-ṣírò-má-ṣe-ròyìn! Hajiya Bilkisu Yusuf, oníròyìn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé nílẹ̀ wa, wà lára àwọn tó kú lọ́jọ́ náà.

Kí eruku tó rọlẹ̀, ẹ̀bi ti rí ẹni tí yóò rù ú. Mínísítà ètò ìlera wọn, Khalid al-Falih, ní àwọn kan nínú àwọn alálàájì ni kò tẹ̀lé ìlànà. Wò ó, Kábíyèsí, bí ìyẹn ti gún régé tó! Ẹni tó kú ò lè dìde sọ pé ọ̀nà tí wọ́n ní ká gbà ni mo gbà. Ẹmir Kánò nígbà náà, Muhammadu Sanusi Kejì, tó ṣáájú ikọ̀ Nàìjíríà lọ, ní kí wọ́n yé di ẹ̀bi ru àwọn alálàájì. Ọba ló jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kéré níwájú rẹ.

Bí ẹ̀bi ò bá sì ṣe é gbé ka orí òkú, o ní agbẹjọ́rò kan tí kò tíì pàdánù ẹjọ́ rí. Àmúwá-Ọlọ́run lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1990, nínú ihò abẹ́ òkè ní Al-Ma'aisim nítòsí Mẹ́kà, èrò fún ara wọn pa: 1,426. Ọba Fahd ti Saudi ní ohun tí Ọlọ́run fẹ́ ni. Ẹjọ́ parí. Ọlọ́run tó fún ènìyàn ní ojú, tó fún un ní etí, tó tún fún un ní mẹkáníìkì, Òun náà ni wọ́n pè wá jẹ́jọ́ rẹ. Ẹlẹ́jọ́-kì-í-jẹ̀bi! Oníbodè tó sùn lọ, tó ní Ọlọ́run ló tilẹ̀kùn!

Jẹ́dà fúnra rẹ̀ ńkọ́, ìlú ẹ̀bá òkun tó ti mọ iyì rẹ? Òjò kì í sábà rọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà o ní kí wọ́n kọ́lé sójú ọ̀nà àgbàrá, torí pé àgbàrá náà ti pẹ́ níbi tó lọ. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ àdúgbò ò ní páìpù ìdọ̀tí. Tánkà ló ń fa ìgbẹ́ ilé, tó ń lọ dà á sí adágún kan lẹ́yìn ìlú. Àwọn ará Jẹ́dà sọ adágún náà lórúkọ: Adágún Mísíkì. Lọ́fíńdà! Bí mo bá gbọ́ pé ẹlẹgbẹ́ mi kan gbé ibẹ̀ rí, kò ní yà mí lẹ́nu. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 2009, bí àwọn alálàájì ti ń bẹ̀rẹ̀ Hájì, òjò mílímítà 90 rọ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin. Àgbàrá délé, ó bá àlejò nínú yàrá rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún tó kú, mọ́tò tò jọ lórí ara wọn.

Ti oòrùn ọdún 2024 ò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwọ̀n ooru dé 51.8 ní Mẹ́kà. 1,301 kú, ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló lọ láìní ìwé àṣẹ, wọ́n fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jínjìn láìsí àgọ́, láìsí ibi tútù. Àwọn alágbàtà kan ló gbowó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, tí wọ́n ní àwọn á rọ́nà gbé wọn gbà. Íjíbítì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìrìn-àjò 16. Ọmọ iṣẹ́ rẹ ni gbogbo wọn. O kọ́ wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ pé o láyà, Mẹ́kà nìkan kọ́ lo sì ti ń jọba; ilé wa níbí náà mọ̀ ọ́. Ìwọ ni o ní kí ológun tọ́jú bọ́ǹbù àtijọ́ sáàárín ìlú ní Ìkẹjà, títí ó fi bú ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, tí àwọn tó ń sá fún iná fi kó sómi Òkè-Àfà. Ìwọ lo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ tánkà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí búrẹ́ẹ̀kì ò fẹ́ mú, tí o ní kó máa fi jíà dá a dúró. Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ ìyá tó gbé jẹnẹrétọ̀ wọ kọ́rídọ̀ nítorí olè. Ẹni tó bá ní òun ò mọ̀ ọ́, kó lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Kò-gbó-kò-tọ́!
A-ti-Mẹ́kà-dé-Mókọ́lá!
Arìnrìn-àjò tí kì í gba fisà!
Alálàájì tó ti lọ Hájì lọ́dọọdún láti ìgbà ayé Ábúráhà, tí kò sì tíì ṣe túúbá!

Mo ti ki ọ́ tó. Ọ̀nà ọ̀fun mi ti gbẹ, onírárà kì í sì í ki ọba lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò fẹ́ aṣọ. Mi ò fẹ́ oyè láàfin rẹ, mo rí àwọn ìjòyè tó wà níbẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn ìyá àti bàbá wa láti Ìbàdàn, láti Ìlọrin, láti Ìwó, láti Ẹ̀pẹ́, máa wọ bàálù lọ sí Jẹ́dà, wọ́n á sì wọ̀ ọ́ bọ̀. Ẹ̀bùn tí mo ń tọrọ ni pé lọ́jọ́ náà, kí iṣẹ́ mìíràn mú ọ dání. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ sí ọ pé nítírójìn tán, pé bàálù ti ń pẹ́, jọ̀ọ́, dáhùn pé ara rẹ ò yá. Jẹ́ kí wọ́n pẹ́. A máa dúró dè wọ́n.